Ọbẹ̀ tí Mo Sè fún Feraye

Ọmọ Mengen ni mí, ìlú àwọn alásè ní ilẹ̀ Tọ́kì, mi ò sì ní fi bò. Tí alásè bá ti lè sọ pé Mengen lòun ti wá, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n á kàn fi ibi tí ìkòkò wà hàn án ni. Bàbá mi dáná fún ọmọ ogun. Bàbá tó bí i dáná nínú ọkọ̀ ojú omi. Èmi Şakir, ilé ìwòsàn ni mo bá ara mi, ní Sivas, nínú ilé ìdáná abẹ́ ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ máa ń fi omi bo fèrèsé látìgbà tí òjò dídì bá ti bẹ̀rẹ̀ títí dìgbà tó bá tán. Ẹgbẹ̀ta abọ́ là ń gbé jáde lọ́sàn-án. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe é, mi ò sì fi ohun kankan wọn iyọ̀ rí. Ojú mi ni mo fi ń wọn nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ wọn iyọ̀, kó lọ máa ta oògùn.

Ẹ ò bá wá rí ojú mi láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan tí Nesibe Hanım wọlé, tó gbé ìwọ̀n kékeré kan lé tábìlì mi, tó sì na ìwé kan sí mi. Òun ni onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn wa, òun ló ń sọ ohun tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, tín-ín-rín báyìí, ṣùgbọ́n tó bá ti dúró lórí ọ̀rọ̀, ẹ ò lè fi katakata wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Hanım la fi ń bọlá fún obìnrin níbí, Ustam, ìyẹn ọ̀gá mi, ni wọ́n sì ń pe alásè.

"Ustam, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláìsàn tuntun kan wà ní àjà kẹrin. Oúnjẹ tiẹ̀ rèé."

Mo gba ìwé náà, mo kà á. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, kò gbọdọ̀ jẹ ẹja, kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan wàrà, yúgọ́ọ̀tì tàbí wàràkàṣì. Kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹ̀pà, kò sí búrẹ́dì. Pòtétò ní iye gíráàmù. Ìrẹsì náà ní iye gíráàmù.

"Kí ló wá kù?" ni mo bi í. "Afẹ́fẹ́? Àbí afẹ́fẹ́ náà ní gíráàmù tiẹ̀?"

"Ustam, ẹ yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jókòó."

"Èmi kì í jókòó nídìí iná."

"Ó dáa, ẹ dúró, kẹ́ ẹ sì gbọ́."

Feraye ni orúkọ aláìsàn náà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, olùkọ́ ìṣirò. Wọ́n bí i pẹ̀lú àìsàn tí wọ́n ń pè ní fẹniketonúríà. Kì í ṣe orúkọ àjèjì létí wa. Nílẹ̀ yìí, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ti máa ń fẹ́ ọmọ àbúrò, tí irú àìsàn ìdílé bẹ́ẹ̀ sì fi wọ́pọ̀, kò sí ọmọ tuntun tí wọn kì í gún ní gìgísẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá àìsàn ọ̀hún. Àwọn ọmọ ọwọ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ mọ́. Mi ò rò ó rí pé àwọn ọmọ náà ń dàgbà, wọ́n ń gbaṣẹ́, wọ́n sì ń lọ sílé ọkọ.

"Ohun kan wà nínú purotéènì, fe là ń pè é ní kúkúrú," Nesibe Hanım wí. "Tèmi tẹ̀yin, ara wa máa ń lo ìwọ̀n tó fẹ́, á sì yí ìyókù padà sí nǹkan mìíràn. Ara tiẹ̀ ò lè yí i padà. Ṣe ló máa ń kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á wá máa ba ọpọlọ jẹ́. Ìyẹ̀fun kan ló ń pò mu lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ dípò ẹran, ìyẹn ló ń gbé e ró."

"Látìgbà tí wọ́n ti bí i ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Ó lóyún oṣù méjì, Ustam. Ó ń bì, kò ráyè jẹun." Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Fe inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Tó bá ga, ọpọlọ ọmọ àti ọkàn ọmọ ló máa kọ́kọ́ mú. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì sí mẹ́fà. Odidi ọdún méjì ni Feraye fi mú un wálẹ̀ kó tó lóyún, kò sì jẹ́ kó kọjá mẹ́rin. Èébì yìí ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tí èèyàn ò bá jẹun, ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ẹ̀, ẹran ara èèyàn náà sì rèé, ẹran ni. Ó ti di mẹ́sàn-án báyìí."

"Ká wá fún un ní díẹ̀díẹ̀, nígbà yẹn."

"Rárá o! Ká fún un ní púpọ̀. Kó jẹ àjẹyó: òróró, ṣúgà, ẹ̀fọ́, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ purotéènì inú ẹ̀. Kí fe inú ẹ̀ ṣáà má ju ohun tí mo kọ síbẹ̀ lọ. Dókítà ẹ̀ ní Ankara fún wa lọ́sẹ̀ méjì. Tí kò bá wálẹ̀ sí mẹ́fà, wọ́n á pe òun àtọkọ ẹ̀ jókòó. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa bá wọn sọ."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti bímọ mẹ́ta, mo sì ti sin ọ̀kan. Mo ki ìwé náà bọ àpò, mo sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ sórí pẹpẹ lókè, sẹ́yìn àwọn agolo tòmátì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo se elégédé, mo se pòtétò, mo fi òróró ólífì lé e lórí, mo gbé e ránṣẹ́. Döndü ló máa ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ lọ sí àjà kẹrin, obìnrin ẹlẹ́nu mímú kan tí kò bẹ̀rù èmi tàbí ọ̀gá àgbà. Nígbà tó dé, ó gbé abọ́ Feraye síwájú mi. Ṣíbí kan péré ló kúrò níbẹ̀.

"Ó ní kí n bá òun kí yín, Ustam. Ó ní ẹ má bínú."

"Kí ló ṣe oúnjẹ mi?"

"Èmi wá mọ̀? Ó wò ó báyìí, ó ní oúnjẹ ilé ìwòsàn ni, ó ti mọ́ òun lára láti kékeré."

Inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Ẹ gbé abọ́ padà fún ọmọ Mengen, kẹ́ ẹ tún fi ìkíni lé e! Mo yí padà, ojú mi sì bá ìkòkò ńlá tó wà ní igun, èyí tí mi ò pa iná ìdí rẹ̀ rí látọdún tí mo ti débẹ̀. Eegun itan màlúù ló ń hó nínú rẹ̀ láti agogo márùn-ún àárọ̀. Alásè tí kò bá ní omi eegun lórí iná, kí wọ́n bọ́ fìlà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá gbogbo wa ṣe, torí kí lẹ ń gbé fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá bí kì í bá ṣe omi eegun? Ìwé Nesibe ní kí n má fi ẹran sí i. Mi ò ní fi ẹran sí i. Mo bu omi náà, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó mọ́ gaara, kò sí ẹyọ ẹran kan tó gba inú rẹ̀ kọjá. Omi ni. Ta ló ń pe omi ní ẹran?

Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi yẹn ni mo fi ń se gbogbo oúnjẹ obìnrin náà. Mo fi se ọbẹ̀ kárọ́ọ̀tì, mo fi se ìrẹsì rẹ̀ tí wọ́n ti yọ purotéènì kúrò nínú ẹ̀, mo fi se kábéèjì tí mo ká mọ́ ìrẹsì bíi ti ọjọ́ ọdún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Alásè kì í ròyìn omi ìkòkò rẹ̀.

Abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà lófìfo. Döndü ní, "Ustam, ó fi ṣíbí ha ìdí ẹ̀ ni o. Mo ní kó fi àwo sílẹ̀, kó má jẹ ẹ́ mọ́ ọn." Èébì dẹwọ́. Nesibe Hanım sọ̀kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó dì mọ́ mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́, orí mi wú. Mo ní kó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kó má fi ọ̀rá ba aṣọ funfun jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wọ sálúbàtà ilé ìwòsàn, ó so irun rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ̀yin ni Şakir Usta? Èmi ni Feraye. Mo ní kí n wá wo ojú ẹni tó ń bọ́ mi. Ìlera fún ọwọ́ yín."

"Jẹun, ọmọ mi, kó fara balẹ̀ fún ẹ. Ibí gbóná, má dúró pẹ́."

Kò gbọ́, ó jókòó sórí àpótí àlùbọ́sà. Ó ní, "Ustam, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, wàràkàṣì ò kan ahọ́n mi rí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, gbogbo èèyàn ń jẹ ẹran, èmi ń jẹ pòtétò tí ìyá mi dì sápò. Ìyá ọkọ mi wò mí bí ẹni tó gbé àrùn wọlé. Ó sọ fún ọmọ ẹ̀ pé irú èyí ò lè bímọ tó pé. Àwọn dókítà ti kọ́kọ́ sọ fún ìyá tèmi náà pé bóyá ni mo fi máa lè kàwé. Mo kàwé o! Mo gba ipò kìíní ní ìṣirò. Mi ò yẹ ẹsẹ̀ ní ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí mi pé mo jẹ ohun tí wọ́n ní kí n má jẹ. Òun nìkan ni mo ní tí mo lè fi yangàn."

"Ó tó yangàn."

"Ṣùgbọ́n kò dùn rí, Ustam. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé oúnjẹ tèmi náà lè dùn."

Nígbà tó lọ tán, àlùbọ́sà tí mò ń gé nìkan kọ́ ló mú omi bọ́ lójú mi. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí mo bí. Mo sì fi ife omi eegun kan kún ti ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ Ajé kejì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Mo ti se ìrẹsì wàrà fún gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, tí a ó fi yọ̀. Ọ̀sán pọ́n, mi ò rí Nesibe Hanım. Döndü ló ti kẹ̀kẹ́ wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mọ́kànlá," ó ní.

"Mọ́kànlá kí ni?"

"Fe ẹ̀. Mẹ́sàn-án ló gbé wá, ó ti di mọ́kànlá. Èébì ti dúró, ó ti sanra díẹ̀, síbẹ̀ ó ń gòkè. Dókítà Tuncay tó ń tọ́jú ẹ̀ ní kò sí àlàyé mìíràn, àfi kó máa jẹ nǹkan míì ní ìkọ̀kọ̀. Nọ́ọ̀sì wá ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀. Ustam, börek mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun yíyan tí wàràkàṣì kún inú ẹ̀, ó dì í sínú bébà."

"Irọ́ ni."

"Mo fojú mi rí i. Ti Zekiye ni, ìyá àgbà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń gbé e wá, ìyá náà á sì fún un níbẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé aboyún ni."

Mo mọ̀. Tí aboyún bá ti gbóòórùn oúnjẹ, ojú rẹ̀ ti ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má fún un. Ẹni tí wọ́n fún kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, kó má bàa dójú ti àgbàlagbà. Döndü ní Feraye sọ pé ṣe lòun ń gbà á, tóun ń dúpẹ́, tóun ń dì í pa mọ́, kí òun lè rí ẹni fún. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Hacer, ìyá ọkọ rẹ̀, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ọmọ ọmọ mi lo tà nítorí börek." Ó mú báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta.

"Feraye wá ńkọ́?"

"Kò sunkún. Ó kọjú sí ògiri. Kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán yín."

Mo ní kí Döndü lọ sinmi. Èmi fúnra mi wọ yàrá òtútù láti lọ mú kábéèjì ọjọ́ kejì. Abọ́ omi eegun tí mo ti sẹ́ sílẹ̀ fún un wà lórí pákó níwájú mi. Mo fìka tì í. Ó mì, kò dà. Ó ti dì gbagidi, mo sì lè fi ọ̀bẹ gé e sí igun mẹ́rin.

Ìgbà àìmọye ni mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Òun gan-an la fi ń mọ omi eegun tó dára: tí kò bá dì, ọ̀lẹ ló sè é. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi dídì yẹn yangàn, ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi pé kí ló ń dì níbẹ̀. Yàrá yẹn ò tutù tó ohun tó ń sọ omi di yìnyín. Eegun àti awọ àti iṣan ló ti yọ́ sínú omi náà. Mo sẹ́ ẹran kúrò, mo sì gbé ohun tó wà nínú ẹran fún un mu, ife méjì àbọ̀ lójúmọ́, fún odidi ọjọ́ mẹ́fà. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n da omi náà nù, kí n dákẹ́. Láti ọ̀la lọ, omi ẹ̀rọ ni mo máa fi se oúnjẹ rẹ̀, iye náà á wálẹ̀, wọ́n á ní börek ló ti fi sílẹ̀. Ọmọ á yè. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì, orúkọ mi mọ́. Mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn ní tó fi ń yangàn, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ máa wo ìyá ọkọ rẹ̀ kó máa fi pè é ní òpùrọ́ títí ayé. Ojú ara mi tì mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo mọ̀ pé àwọn dókítà ń yí bẹ́ẹ̀dì ká, mo wọ fìlà mi, mo gun àtẹ̀gùn. Mi ò dé àjà kẹrin rí. Dókítà Tuncay wà níbẹ̀, Nesibe Hanım ń kọ nǹkan, Zekiye ń wo gbogbo wa láti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Hacer náà ti dé, ó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá gbọ́ ìdájọ́. Feraye jókòó, ó nàró, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ustam? Ṣé kò sí o?" Nesibe Hanım bi mí.

"Ó wà. Omi eegun ni."

Kò yé wọn.

"Omi eegun ni mo fi ń se oúnjẹ rẹ̀. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, tọ̀sán talẹ́, nínú ọbẹ̀, nínú ìrẹsì, nínú kábéèjì. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Mo rò pé tí mo bá ti sẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹran mọ́. Obìnrin yìí ò fẹnu kan nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Nesibe Hanım. Mi ò tíì gbọ́ kó pariwo rí. "Ọjọ́ mẹ́fà! Ustam, mo fi ìwé lé yín lọ́wọ́, mo gbé ìwọ̀n fún yín! Gbogbo èèyàn ni mo fura sí nínú ilé ìwòsàn yìí, àfi ẹ̀yin! Mo sọ obìnrin yìí di olè nítorí pé mo gbà yín gbọ́!"

"O tọ̀nà, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín!"

Feraye ló gbọ́wọ́ sókè, bí olùkọ́ tó fẹ́ kí kíláàsì dákẹ́. Ọwọ́ kejì wà ní ikùn rẹ̀.

"Ife mélòó lójúmọ́, Ustam?"

"Méjì àbọ̀."

"Nesibe Hanım, gíráàmù purotéènì mélòó ló lè wà nínú ife kan?"

"Tó bá jẹ́ tiwọn, tó ń hó látàárọ̀... ó lè tó mẹ́rin. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ká ní mẹ́rin. Mẹ́wàá nìyẹn. Mẹ́fà péré ni gbogbo ohun tí wọ́n fún mi láyè lójúmọ́." Ó kà á lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wá mí kanlẹ̀. "Ó bára mu. Mama, ṣé ẹ gbọ́? Ó bára mu."

Hacer gbọ́. Ó wò mí, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó rọra jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Feraye wá kọjú sí mi. "Ustam, inú ń bí mi sí yín. Ó máa bí mi títí ọmọ yìí á fi dé ayé, tí mo bá sì rí nǹkan kan lára ẹ̀, mi ò ní forí jì yín láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ gun òkè wá." Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. "Ẹran wá nìyẹn? Ohun tí gbogbo ayé ń jẹ nìyẹn? Ó dùn o, Ustam. Ó dùn gan-an. Ẹ má fún mi mọ́."

Wọ́n fún mi níwèé ìkìlọ̀, mo gbà á, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Dókítà Tuncay fẹ́ kí wọ́n máa gbé oúnjẹ rẹ̀ wá láti ibòmíràn. Feraye ló kọ̀. Ó ní ẹni tó ti ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan ò ní fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Bí mo ṣe gbé ìwọ̀n sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Nesibe Hanım ò bá mi sọ ju gíráàmù lọ fún ọjọ́ méjì. A jọ dúró nídìí iná, òun pẹ̀lú ìwé, èmi pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ọgọ́fà gíráàmù elégédé. Ọgọ́ta gíráàmù pòtétò. Mo dà á, mo tún un wọ̀n, mo bu ṣíbí kan kúrò. Ní ti òróró, ó ní kí n máa dà á lọ, mo sì dà á. Ibi tí ogun wà ni bí oúnjẹ tí kò ní omi eegun ṣe máa dùn, ogun yẹn sì ni ohun tó dára jù tí mo ṣe láyé mi. Mo la àlùbọ́sà sí méjì, mo dojú rẹ̀ dé irin gbígbóná títí ó fi dúdú, mo fi hó omi, omi náà di àwọ̀ wúrà. Mo yan kárọ́ọ̀tì kí n tó sè é. Mo dín tòmátì kíki nínú òróró títí tó fi pọ́n rúsúrúsú. Mo yọ́ bọ́tà díẹ̀, èyí tí Nesibe Hanım gbà láyè torí pé ọ̀rá lásán ni, mo ju ewé míńtì gbígbẹ tí à ń pè ní nane sí i, òórùn rẹ̀ gba àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan. Mo tún fi ìyẹ̀fun tí kò ní purotéènì yẹn, tó ń fọ́ lọ́wọ́ bí iyanrìn, se búrẹ́dì. Mẹ́ta àkọ́kọ́ le koko, ẹ lè fi kan ìṣó. Ẹ̀kẹrin wú. Nesibe Hanım já a wò, ó jẹ ẹ́, ó tún já òmíràn.

"Ọlọ́run á bi yín," ó ní. "Ẹni tó lè ṣe báyìí, kí ló gbé e dédìí eegun?"

"Ọ̀lẹ ni, ọmọ mi."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kí n má pè é lọ́mọ mi.

Abọ́ ń padà lófìfo. Döndü ní ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá ń jókòó tì í báyìí, tó ń lé gbogbo àlejò Zekiye sẹ́yìn pẹ̀lú börek wọn, tó ń sọ fún wọn pé ìyàwó òun kì í jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò jẹ ẹ́ rí, kí wọ́n bi òun léèrè.

Ọjọ́ Ajé kẹta, ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀. Mi ò lè gé nǹkan kan. Nígbà tó di agogo méjì kọjá díẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, Nesibe Hanım já wọlé, fìlà rẹ̀ ti ṣí kúrò lórí.

"Márùn-ún lé díẹ̀! Ustam, ó ti wálẹ̀ sí márùn-ún lé díẹ̀!"

Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Döndü ní mo fi ẹnu ko ìwọ̀n lẹ́nu. Mi ò gbà.

Feraye lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú fe mẹ́ta àti nǹkan, Nesibe Hanım sì ń kọ oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo mọ gbogbo iye náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò sùn dáadáa. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn ti kọjá lára ọmọ náà, kò sì sí iye tó lè sọ fún wa ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, àfi kí ọmọ jáde.

Ó jáde nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́sàn-án, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, tí gbogbo ìkòkò wa wà lórí iná. Fóònù ilé ìdáná dún. Döndü gbé e, ó wò mí, ó na án sí mi.

"Ustam, obìnrin ni." Ohùn Feraye rọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n ti wọn orí ẹ̀: sẹ̀ǹtímítà márùndínlógójì. Bó ṣe yẹ kó rí ló rí."

Mo di fóònù mú mọ́ etí gírígírí.

"Ustam, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Ọkàn rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan, Ustam. Ó pé. Mo ti forí jì yín."

Ó gbé fóònù sẹ́nu ọmọ náà. Ohùn burúkú kan jáde, ohùn ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́, mo sì gbé fóònù sókè kí gbogbo ilé ìdáná lè gbọ́. Àwa mẹ́wàá fi ìkòkò sílẹ̀, a dúró yí ká, Döndü ń sunkún, èmi náà ń sunkún, mo ń pariwo lé wọn lórí pé kí wọ́n dákẹ́ kí n lè gbọ́. Ìrẹsì ẹgbẹ̀ta èèyàn jóná lọ́jọ́ náà. Mo gbé e lọ fún wọn bẹ́ẹ̀, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.